Bí Ìbídùnní Ṣe Há Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Mọ́ Inú Fọ́tò

Ẹ yà lọ́nà, ẹ fún un láàyè, Ìbídùnní ọmọ Ṣówándé ló ń bọ̀ yìí! Ọmọ-ọmọ ayàwòrán tí í ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tí gbogbo Ìtókò í dákẹ́ rọ́rọ́, ọmọ-ọmọ ọkùnrin tó ní kí ọba má mira, tí ọba kò sì mira, ọmọ obìnrin tó ń sá fọ́tò sórí okùn bí ẹni ń sá aṣọ, adúmáadán tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn bí jagunjagun ṣe ń gbé apó kọ́ èjìká, afojú-kan-mú-odidi-ìlú! Òun ló jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ sójú ogun ní Abẹ́òkúta, ogun náà kì í sì í ṣe kékeré: fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó yà.

Fọ́tò pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Bàbá Kúfọ̀rìjí ni, èyí tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fẹ́ gbé síwájú kàlẹ́ńdà wọn. Bàbá tó bí Bàbá ló kọ́ ilé náà, ọjọ́ ti pẹ́ tí arúgbó náà ti ń retí kí ayé rí i. Ṣùgbọ́n gbogbo fọtógíráfà tó ti wá ṣáájú ló fìdí rẹmi; ilé ọlọ́lá náà jáde nínú fọ́tò wọn bí páálí ìṣáná tí ẹnì kan gbàgbé sẹ́bàá títì. Alàgbà Àjàsá, alága ẹgbẹ́, ti wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún Bàbá pé bí ti òní bá tún bàjẹ́, fọ́tò gbọ̀ngàn ìlú tuntun ni àwọn yóò lò. Bàbá dìde. Ó lọ wọ agbádá rẹ̀ tó dára jù, ó gbé àga síwájú ilé, ó jókòó, alága sì dúró tì í.

Ìbídùnní dé. Ó wo ilé, ilé wò ó. Ó gbé kámẹ́rà sójú.

"Fà sẹ́yìn, ọmọ mi," Bàbá pàṣẹ. "Kó gbogbo rẹ̀. Má fi nǹkan kan sílẹ̀."

Akọni obìnrin fà sẹ́yìn, òpó iná wọlé sínú fọ́tò. Ó tún fà sẹ́yìn, wáyà iná tó lọ́ pọ̀ bí irun tí kò rí òòyà rí wọlé, táǹkì omi wọlé, ewúrẹ́ kan tó ń jẹ páálí wọlé, ó sì nàró bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n wá yà. Ó tún fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú gọ́tà. Bó ṣe ń fà sẹ́yìn ni ilé ń kéré sí i. Níbi tó dúró sí, tí omi gọ́tà kún bàtà rẹ̀, ó wo Bàbá nínú agbádá. Òun náà ni yóò wá sọ fún un pé kò ṣeé ṣe?

Ta ló ní ọmọ Ṣówándé yóò sá! Bó ṣe gbójú sókè ló rí i: igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, tí wọ́n fi igi gbígbẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, yọ àyà síta bí oníjàkadì ṣe ń yọ àyà, ògiri ilé tuntun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà sì wú wá pàdé rẹ̀, àlàfo àárín wọn kò ju ibi tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà lọ, oòrùn sì há sí i bí okùn wúrà. Ìbídùnní fa ẹsẹ̀ yọ nínú gọ́tà, ó sì kọjú sí iwájú.

"Níbo lò ń lọ?" Bàbá kígbe. "O ti sún mọ́ ọn jù! Òrùlé ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi láàyè díẹ̀."

Ó gé òfúrufú kúrò, ó gé ilẹ̀ kúrò. Òpó iná ṣubú lójú ogun, táǹkì sá lọ, ewúrẹ́ di ẹni ìgbàgbé. Ó sún mọ́ ọn títí tó fi ku igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ògiri, àti okùn oòrùn tó ya wọ́n, tí ojú kò rí ibì kankan sá gbà mọ́. Ìka rẹ̀ ti wà lórí kámẹ́rà nígbà tí fèrèsé ilé tuntun ṣí gbàgà, tí Ìyá Ràfátù, aládùúgbò, ju ìró pupa kan sínú àlàfo náà kí ó lè gbẹ.

"Ìyá Ràfátù, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ká aṣọ yẹn!"

"Aṣọ mi tó tutù? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ?"

"Díẹ̀ báyìí ni mà. Oòrùn ń lọ."

Ìyá Ràfátù pòṣé. Ó bojú wolẹ̀, ó rí Bàbá nínú agbádá, ó sì ká aṣọ rẹ̀. Okùn oòrùn ti ń tín-ín-rín. Ìbídùnní di èémí mú. Kámẹ́rà ké ṣáá!

Ó gbé e fún Bàbá kó wo fọ́tò náà lójú kámẹ́rà. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó fajú ro. "Ilé mi dà?" Ó tẹjú mọ́ ọn, ó tún tẹjú mọ́ ọn, àfi lójijì tó pariwo "Yéè!", tó na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà láti fi gba ilé bàbá rẹ̀ mú.

"Ẹ dì í mú! Ilé méjèèjì fẹ́ kọlu ara wọn!"

Alàgbà Àjàsá yọjú wò ó, òun náà sì fi ẹ̀yìn rìn. "Háà," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé ilé yìí ga tó báyìí."

Nítorí náà, kí tilé-toko gbọ́, kí ará Ìtókò sọ fún ará Aké: Ìbídùnní ọmọ Ṣówándé ti ṣẹ́gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìwó ògiri, láìjá ilẹ̀kùn, pẹ̀lú bàtà kan gbígbẹ àti ìkejì tútù; láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí dé oṣù Ọ̀pẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wo kàlẹ́ńdà láti mọ ọjọ́ tí a wà ní gbogbo ilé ọmọ ìlú yóò kọ́kọ́ di èémí mú ná!