Rìmóòtù Etí Ìró Màmá Ìrágbìjí

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n má baà máa pariwo. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ọ bí àwọn àgbà ìsinsìnyí ṣe ń pa á lówe pé ẹni tó ra ẹ̀rọ kọ́ ló ni ẹ̀rọ, ẹni tí rìmóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ín? Wọ́n ń pa á fún ọkọ ìyàwó tuntun, wọ́n ń pa á fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Ta ló ti bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí i? Inú pálọ̀ ọkùnrin kan ní Ìkìrun ló ti jáde, ojú ọkùnrin náà sì rí nǹkan kó tó jáde.

Láwuyì ni orúkọ rẹ̀. Páànù ìkọ́lé ló ń tà. Èèyàn dáadáa ni, kì í jalè, kì í lu ìyàwó, ṣùgbọ́n bó bá ra nǹkan, àfi kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ló rà á. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sára korobá, ó kọ ọ́ sídìí àga, àní ó kọ ọ́ sára ọwọ̀. Ìgbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá lọ ra ẹ̀rọ dífídì onísíídì márùn-ún ńkọ́?

Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí à ń ki síídì kan ṣoṣo bọ̀ lẹ́nu. Bó bá yọ ahọ́n síta, ahọ́n ọ̀hún fẹ̀ bí àtẹ aláta, síídì márùn-ún á sì tò yí i ká. Bí ọ̀kan bá ti parí, àtẹ náà á yí, á dún gìrìrì, òmíràn á bọ́ sípò. Láwuyì fúnra rẹ̀ ló to síídì sí i. Méjì jẹ́ ti ìjàkadì àwọn òyìnbó. Ìkẹta jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe páànù nílé iṣẹ́. Ìkẹrin, wọ́n yà á lọ́jọ́ tí òun Láwuyì ń ṣílé, níbi tó ti dìde sọ̀rọ̀, tó sọ̀rọ̀ títí ẹran fi tutù nínú abọ́. Ìkarùn-ún nìkan ni fíìmù Yorùbá, ìyàwó rẹ̀ sì bẹ̀ ẹ́ títí ètè rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó kó tó gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kan ẹ̀rọ lẹ́yìn òun, ó mú gúlù tí àwọn tó ń ṣe bàtà ń lò, ó kán an sórí gbogbo bọ́tìnnì tó wà níwájú ẹ̀rọ náà. Wọ́n le gbagidi. Láti ọjọ́ náà, àfi rìmóòtù. Rìmóòtù ọ̀hún ńkọ́? Àpò àyà ni Láwuyì ń fi í sí lọ sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Adúnọlá, ní, "Bàbá Adúnọlá, ẹ̀rọ wà nílé, ẹ̀mí rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ni ká ti pe èyí?"

Láwuyì ní, "Máa pè é ní ètò."

Ìyá Adúnọlá kò tún sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin tó wà níbí, bí obìnrin bá dákẹ́ báyẹn, ẹ má rò pé ó ti gbà o.

Kò pẹ́ tí orúnkún ìyá tó bí Ìyá Adúnọlá fi wú. Ìrágbìjí ni màmá náà ń gbé, ọmọ rẹ̀ sì ní kó máa bọ̀ ní Ìkìrun kó wá tọ́jú ara. Láwuyì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lẹ́nu ọ̀nà láti kí àna rẹ̀ káàbọ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an ni. Ó rí ẹni tuntun tí yóò fi ẹ̀rọ hàn.

Wọ́n fi Màmá jókòó sórí àga onítìmùtìmù, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé àpótí. Láwuyì na rìmóòtù, ó tẹ̀ ẹ́, ìṣílé bẹ̀rẹ̀. Màmá ń wò ó.

"Ṣé ìwọ nìyẹn, Láwuyì ọmọ mi?"

"Èmi ni, Màmá."

Ó pẹ́ díẹ̀. "Ìwọ náà ṣì ni?"

"Èmi ni o, Màmá."

Ó tún pẹ́. Màmá tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé. "Ṣé wọ́n ò kúkú ní ẹlòmíràn tó lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ni?"

Ìyá Adúnọlá, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, bá rọra sọ pé, "Màmá, síídì márùn-ún ló wà nínú rẹ̀ o. Nǹkan ọwọ́ Bàbá Adúnọlá yẹn ni wọ́n fi ń yí i."

"Bẹ́ẹ̀ kẹ̀? Láwuyì, gbé e wá kí n wò ó."

Ẹ sọ fún mi, ta ló ń sọ fún ìyá ìyàwó pé rárá? Láwuyì fi ọwọ́ méjèèjì gbé rìmóòtù fún un, ó tún tẹ̀ríba lé e. Màmá tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Àtẹ yí gìrìrì. Fíìmù Yorùbá yọ: ìyálé kan jí ìlẹ̀kẹ̀ ọba, ó fi pamọ́ sínú ìkòkò ọṣẹ, ó wá ń ké pé ìyàwó kékeré ló jí i. Màmá gbàgbé orúnkún, ó fẹ́ dìde dúró.

"Háà! Arẹ́nijẹ! Ó wà nínú ìkòkò ọṣẹ, ẹ ò rí i ni?"

Ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣí ìkòkò náà gan-an ni iná lọ.

Màmá jókòó padà. Ó mú rìmóòtù, ó fi sí etí ìró rẹ̀, ó so ó ní kókó méjì, ó sì yí i wọnú ìdí. "Títí iná á fi dé," ló wí. Láwuyì wo kókó náà. Ó ronú kan gbogbo ọ̀nà tó lè gbà mú un, kò sí ọ̀kan tí ọkùnrin lè ṣàlàyé fún ẹbí ìyàwó rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé inú ihò paramọ́lẹ̀ ni rìmóòtù wà, ì bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Iná dé lọ́jọ́ kejì, fíìmù tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ náà kì í rántí ibi tó dúró sí bí iná bá ti lọ. Wọ́n tún dé ìdí ìkòkò ọṣẹ, iná tún lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí. Màmá búra pé òun ò ní gbé rìmóòtù sílẹ̀ àfi bí òun bá rí ojú ìyálé yẹn nígbà tí wọ́n bá ṣí ìkòkò.

Báyìí ni ilé ṣe yí padà mọ́ Láwuyì lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó máa ń sáré pàdé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n ń sáré lọ. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá wòran, bí wọ́n bá sì wọlé, "Màmá, ẹ kú ilé o" ni wọ́n ń wí, wọ́n á fo Láwuyì bí ẹni fo gọ́tà. Bí ó bá fẹ́ wo ìjàkadì, ó ní láti bẹ̀bẹ̀.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n wo díẹ̀."

"Ṣé omi gbígbóná orúnkún mi ti wà?"

Láwuyì á lọ gbé omi kaná. Bó bá gbé e dé, Màmá á ní kó bá òun fi ìpara pa á. Ìgbà tó bá fi pa á tán, iná á ti lọ.

Lọ́jọ́ kan, bátìrì rìmóòtù kú. Ẹ wo ayọ̀! Láwuyì wọ yàrá lọ, ó jó, ó tún da aṣọ bojú kí wọ́n má gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú ojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. "Ó mà ṣe o, Màmá."

Ìyá Adúnọlá ní, "Kò sí wàhálà. Bàbá Adúnọlá, ẹ bá Màmá ra bátìrì bọ̀. Ẹ ra èyí tó máa ń pẹ́."

Òun náà ló lọ rà á.

Ó gbé ẹ̀rọ lọ bá àwọn tó ń tún nǹkan ṣe ní Òṣogbo, ó ní kí wọ́n fún òun ní rìmóòtù mìíràn. Ọ̀gá ibẹ̀ gbìyànjú títí, ẹ̀rọ ò dá wọn lóhùn. Ó ní, "Bàbá, rìmóòtù tí wọ́n jọ bí nìkan ni èyí ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Àwọn bọ́tìnnì iwájú rẹ̀ ì bá ràn yín lọ́wọ́, àbí ta ló da gúlù sí wọn báyìí?"

Láwuyì wúkọ́. "Àwọn ọmọdé ni."

Ní gbogbo àkókò yìí, alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wọn ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Èkó, Láwuyì sì fẹ́ ipò náà lọ́nàkọnà. Ó pe àwọn àgbà onílé wá sílé lọ́sàn-án Sátidé kan, kí wọ́n wá jẹun, kí wọ́n sì rí i nínú ìṣílé bí òun ṣe lè sọ̀rọ̀ láwùjọ tó. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá tagbádá-tagbádá.

"Màmá, tòní nìkan. Ẹ bá mi fi síídì ìṣílé sí i."

"Ọ̀rọ̀ tí kì í tán yẹn?"

"Òun náà ni, Màmá."

Àánú ṣe Màmá. Ó fi sí i.

Àwọn onílé jókòó. Láwuyì tinú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Láwuyì tórí àga ń mi orí sí i. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkàn, ẹni tí ohùn rẹ̀ le jù nínú wọn, wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gọ́tà. Ọ̀rọ̀ gọ́tà yìí ti pẹ́ nílẹ̀: gọ́tà tuntun gbọ́dọ̀ gba iwájú ilé ẹnì kan kọjá, ẹnikẹ́ni ò sì fẹ́ kó jẹ́ iwájú ilé tòun. Alàgbà Gbádéyanka, tó dàgbà jù láàárín wọn, dá a lóhùn, àwọn yòókù dá sí i, ariwo sọ. Ẹnì kan fẹ́ bọ́ fìlà jà.

Màmá na ọwọ́ sí etí ìró rẹ̀. Ó tú kókó, ó tẹ rìmóòtù. Gìrìrì. Ìyálé yọ, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ọba lọ́wọ́, ó ń wo ọ̀tún wo òsì. Oyèkàn dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Alàgbà Gbádéyanka sún àga síwájú. Gbogbo wọn wò ó títí ó fi ku bíńtín kí wọ́n ṣí ìkòkò ọṣẹ. Iná ò lọ. Ìránṣẹ́ ọba na ọwọ́ sí ọmọrí ìkòkò…

Màmá tẹ rìmóòtù. Ọwọ́ ìránṣẹ́ dúró lófuurufú.

"Màmá! Kí ló dé?"

"Mo dá a dúró ni. Ariwo gọ́tà yín ń ro mí lórúnkún. Ẹ parí ẹ̀ ná, kí n tó jẹ́ kó máa lọ."

Oyèkàn ní, "Kó gba iwájú ilé Láwuyì!"

"Mo gbà bẹ́ẹ̀," ni Alàgbà Gbádéyanka wí. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni.

Láwuyì fò dìde. "Kí ni? Iwájú ilé mi kẹ̀?"

"Láwuyì, gbà jàre, iná lè lọ o!"

Láwuyì wo ọwọ́ ìránṣẹ́ ọba tó dúró lójú afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, òun náà kò tíì mọ bí fíìmù yẹn ṣe parí. "Mo gbà," ló wí.

Màmá tẹ̀ ẹ́. Ìkòkò ṣí, ìlẹ̀kẹ̀ dà sílẹ̀, ìyálé ṣubú yakata. Àwọn àgbà bú sí ariwo ayọ̀, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n dá láre.

Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀, Alàgbà Gbádéyanka dìde. Ó ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ò rí yanjú láti ọjọ́ yìí, ìyá yìí fi ìka kan yanjú ẹ̀. Ó ní ta ni àwọn tún ń wá? Kí Màmá Ìrágbìjí jẹ́ alága.

Láwuyì kígbe pé, "Alàgbà, Màmá ò nílé níbí! Àlejò ni wọ́n. Inú ilé mi ni wọ́n wà, ẹ̀rọ mi ni wọ́n ń lò!"

Alàgbà yíjú sí i. "Láwuyì, ta ló ra ẹ̀rọ yìí?"

"Èmi ni."

"Ó dáa, fi ìjàkadì sí i ká wò ó."

Láwuyì na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, ó rántí gúlù. Ó yíjú sí Màmá, kókó ti padà sídìí ìró. Ó jókòó.

Alàgbà Gbádéyanka tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ra ẹ̀rọ kọ́ ló ni ẹ̀rọ. Ẹni tí rìmóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ín."

Ibẹ̀ gan-an ni òwe náà ti jáde, kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti dé ọjà.

Orúnkún Màmá san nígbẹ̀yìn. Láwuyì ló gbé ẹrù rẹ̀ dé gáréèjì, ó tún dúró títí ọkọ̀ fi lọ, kó lè dá a lójú pé kì í ṣe àlá. Ó sáré délé, ó jókòó, ó na ọwọ́ sórí tábìlì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ń wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń wo àjà. Ni fóònù bá dún.

"Láwuyì ọmọ mi, mo ti délé láyọ̀. Ìgbà tí mo tú ìró ni mo rí i pé n ò tíì gbé nǹkan yìí sílẹ̀."

"Háà, Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Mò ń bọ̀ wá mú un lọ́la."

"Máa bọ̀. Ṣùgbọ́n gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání. Àwọn èèyàn mi níbí ò tíì rí ìkòkò ọṣẹ."

Kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Ó gbé e dání. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sí pálọ̀ Màmá ní Ìrágbìjí, ó sì wà níbẹ̀ di bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Bí ìpàdé ẹgbẹ́ onílé Ìkìrun bá yá, ọkọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ lọ bá alága wọn. Láwuyì máa ń bá wọn lọ. Orí ẹní ló máa ń jókòó sí lẹ́yìn pátápátá, bó bá sì fẹ́ wo ìjàkadì, yóò na ọwọ́ sókè, yóò dúró kí Màmá dá a lóhùn.

Nítorí náà, bí àgbà kan bá tún pa òwe yẹn lójú yín, ẹ má bá a jiyàn rárá. Láwuyì ló rà á, kò sẹ́ni tó sọ pé òun kọ́ ló rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ẹ̀rọ kọ́ ló ni ẹ̀rọ. Ẹni tí rìmóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ín.