Àtẹ́wọ́ Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ bá mi kí Ansgar Wittkopp, Ọ̀fun-bí-agogo, Àkùkọ-tó-rò-pé-òun-ló-ń-pe-oòrùn-jáde. Eyín ló ń tọ́jú ní ìlú kékeré etí odò Saale ní Jámánì. Bí o bá la ẹnu sílẹ̀ fún un, orin ni yóò máa kọ sí i.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n kan Olúwa mọ́gi, wọ́n máa ń fi gòjé àti ohùn kọ orin ìjìyà Rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ansgar ló ń kọ ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ á wá síbẹ̀ wá sunkún, ara á sì fúyẹ́. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Bí orin bá parí, wọ́n á rọra jáde ni.

Ìyẹn ló ń dun Ansgar. Ó bá lọ bá Detlef, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó Ansgar.

"Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń kú fún wọn, Detlef, ẹnì kan ò kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ pàtẹ́wọ́, ojú ló ń tì wọ́n. Ìwọ bá wọn bẹ̀rẹ̀."

"Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé orin ti parí?"

"Gbogbo ilé á dákẹ́ lọ́lọ́."

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹja á wà nílé lẹ́yìn náà?"

Ọjọ́ pé. Thekla Rübsam, tó sin ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, jókòó níwájú. Ká má parọ́, Ansgar kọrin. Omijé Thekla ń ṣàn. Jésù ní, "Ó parí," Ó sì jọ̀wọ́ ẹ̀mí Rẹ̀. Ansgar jókòó. Níbẹ̀, gòjé á dúró, gbogbo ìjọ á tẹríba. Orin ṣì kù níwájú.

Ilé dákẹ́ lọ́lọ́.

Pà, pà, pà. "Ẹ káre, ẹ̀gbọ́n mi!"

Ọgbọ́n ní kí Ansgar jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbọ́. Ó dìde, ó tẹríba sọ́tùn-ún, ó tẹríba sósì.

Pásítọ̀ yíjú. "Detlef, ikú Jésù ló dùn mọ́ ọ báyìí?"

"Ẹ má bínú, Pásítọ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ní bí ilé bá ti dákẹ́ kí n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ojú ló ń tì yín."

Ansgar ò lè lọ, kò lè bọ̀. Thekla nu ojú rẹ̀.

"Jókòó, Ansgar. Ẹtì la wà. Òkú kì í dìde títí di ọjọ́ Àìkú."

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn akọrin, ó ran gbogbo ìjọ, opó náà pàápàá ń fi ìbọ̀wọ́ bo ẹnu. Nígbà tí ó rọlẹ̀, gòjé bẹ̀rẹ̀ padà. Ansgar jókòó síwájú wọn, etí rẹ̀ pọ́n bí ata, kò sì rí ìlà kan kọ mọ́ títí wọ́n fi parí. Ta ni yóò fún òkú lórin?