Àna Dípò Irin

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó bá ra ẹ̀rọ nítorí dídán, àna rẹ̀ ni yóò fi dípò irin? Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ìtàn náà kò dùn rárá, ṣùgbọ́n ẹ óò rẹ́rìn-ín, nítorí pé kì í ṣe ẹ̀yin ló ṣẹlẹ̀ sí.

Ní abúlé Ìdí-Arère, ìmàdò ti sọ oko ẹ̀gẹ́ di pápá. Wọ́n á hú u, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì sùn sórí ìyókù. Ebi ti ń yọjú. Ni àwọn ọdẹ bá dá ọjọ́ tí gbogbo wọn yóò jọ wọgbó. Wọ́n kó kòròfo ọta wọn jọ, ó kún agbọ̀n ńlá, wọ́n gbé e fún Ọdẹ́léyẹ pé kó bá àwọn rọ ẹ̀tù àti ọta sí i nílé rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo abúlé ń wò.

Ọdẹ́léyẹ lọ sọ́dọ̀ Baba Ògúndípẹ̀ alágbẹ̀dẹ, láti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọta kí ẹnu kòròfo lè dì. Méjì ló bá níbẹ̀. Ọ̀kan dúdú bí ìdí ìkòkò. Irin ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi rọ ọ́, ọkùnrin méjì ló ń gbé e. Èkejì fẹ́lẹ́, ó ń dán yinrin yinrin.

"Ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ pọ̀," ni alágbẹ̀dẹ wí. "Gbé dúdú. Èyí tó ń dán yẹn, ọta ẹni tó ń lé ẹyẹ ẹ̀gà lagbára rẹ̀ mọ."

"Baba, àna mi ń bọ̀ wá kí wa. Ṣé kó wá bá irú òkú irin yìí nínú ilé mi ni?"

"Ṣé àna rẹ ló fẹ́ tẹ ọta?"

Ọdẹ́léyẹ rẹ́rìn-ín. Ó gbé dídán.

Kí oòrùn ó tó wọ̀, apá ẹ̀rọ ti tẹ̀ bí ìka arúgbó. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kán. Ọdẹ́léyẹ lọ gbé ọlọ ìyàwó rẹ̀, ó fi gbé e ró.

"Baba Ìdòwú, kí ni n ó wá fi lọ ata?" Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ní sùúrù."

Odindi ata ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọbẹ̀ wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀, bí Ọdẹ́léyẹ bá ti tẹ apá ẹ̀rọ, ìdí rẹ̀ á fò sókè. Ó fi okùn dè é mọ́ òpó ilé. Òpó náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọjọ́ tí wọ́n dá láti wọgbó pé, ọta tó wà nínú àpótí abẹ́ ẹ̀rọ kò tíì tó ìdajì agbọ̀n. Ó jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Mo gbé," ló ń wí. "Mo ti fi ebi pa odindi abúlé."

Àsìkò náà ni àna rẹ̀ wọlé. Ìyá Àyọ̀ká sanra débi pé ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ó sọ iṣu tó gbé wá kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọdẹ́léyẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún níbẹ̀.

"Dìde, ọkọ ọmọ mi. Ta ló kú?"

Ó ṣàlàyé. Màmá wo ẹ̀rọ náà lókè nílẹ̀. "Ohun tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lo ń wá? Sún." Ó sì jókòó lé apá ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu kòròfo dì! Màmá dìde, ó jókòó. Ó dìde, ó jókòó. Ọta ń bọ́ sínú àpótí abẹ́ ẹ̀rọ. Orí Ọdẹ́léyẹ ń wú. Kó tó dúpẹ́ tán, ẹ̀rọ dídán ké ráúráú, ó wó lé àpótí ọta, ó sì ká mọ́ etí ìró àna pinpin.

"Ẹ má mira o, Màmá! Ẹ̀tù wà lábẹ́ yín!"

"Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀bẹ gé ìró náà," Àyọ̀ká wí.

"Sányán tí bàbá rẹ rà fún mi kó tó kú? Ẹni tó bá gé e, ó pa á lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní í bọ́ ìró níwájú ẹni tó fẹ́ ọmọ mi."

Àwọn ọdẹ dé. "Ọta wa dà?"

"Àna mi ló jókòó lé e."

Kí ni ọdẹ fẹ́ ṣe? A kì í kí àna ẹni lóòró. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú òfìfo ìbọn. Ibẹ̀ ni ìmàdò ti yọ láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n lọ bá iṣu Màmá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ yìnbọn fún wọn!" Màmá pariwo.

"Kí la fẹ́ yìn, Màmá?"

Ìmàdò ń jẹ, ọdẹ ń dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí iṣu tán, wọ́n forí lé oko láti lọ parí ẹ̀gẹ́.

Àwọn ọdẹ gbé àna àti ẹ̀rọ pọ̀ lọ sí ilé alágbẹ̀dẹ bí ẹni gbé ọba. Baba Ògúndípẹ̀ yọ apá ẹ̀rọ dúdú, ó fi ya ẹnu dídán, sányán sì bọ́ láìfàya. Ó wo Ọdẹ́léyẹ.

"Mo bi ọ́ àbí n kò bi ọ́?"

Ẹ̀rọ dúdú ni Ọdẹ́léyẹ padà gbé lọ sílé, ṣùgbọ́n kò sí igi ẹ̀gẹ́ kan tó kù tí wọn yóò fi ìbọn ṣọ́. Ilé àna rẹ̀ ló ti lọ tọrọ oúnjẹ jẹ lọ́dún náà. Bí Màmá bá ti ń bu oúnjẹ fún un, á ní, "Jẹun, ọkọ ọmọ mi. Irin rẹ ló ń bù ú fún ọ."

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà: ẹni tó bá ra ẹ̀rọ nítorí dídán, àna rẹ̀ ni yóò fi dípò irin.