Àtẹ̀ka Tó Bá Olè Wọ Ọkọ̀ Kan Náà

Ẹjọ́ kan wọ ilé ìpàdé erékùṣù wa lánàá, eku kan ò kù sílé, àwọn ẹja pàápàá yọjú létí omi láti gbọ́ ọ. Eligio tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ló kọ́kọ́ lanu, ẹnikẹ́ni ò sì tíì bi í ní nǹkan kan.

"Sáílà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ojú mi yìí, bí mo bá fi wo fáìlì kọ̀ǹpútà, kòkòrò tó wà nínú ẹ̀ á máa bẹ̀bẹ̀. Ayédèrú fáìlì kan rí mi ní ìlú Colón, ó fẹsẹ̀ sáré lórí òkun títí dé Kòlóńbíà."

Àwọn àgbà wo ara wọn lórí bẹ́ǹṣì. Sáílà, olórí erékùṣù wa, wà lórí ibùsùn àsorọ̀ rẹ̀ láàárín ilé. Kò tilẹ̀ lajú. Ó ní kí Briseida rojọ́.

Briseida gbé ọmọ rẹ̀ dání, igbe ọmọ náà sì ń tú òrùlé. Ó ní kọ̀ǹpútà òun ń ṣàárẹ̀, Eligio wá ṣèlérí pé á bá òun wá ètò tuntun tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró, ojúlówó. Ó gbé e sí i. Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà ti tìlẹ̀kùn mọ́ òun, ìpolówó tẹ́tẹ́ nìkan ló ń fi hàn.

"Orin ìrẹmọlẹ́kún ìyá mi wà nínú ẹ̀, Baba. Ìyá mi ti kú. Ohùn yẹn nìkan lọmọ yìí ń gbọ́ tó fi ń sùn."

Ọmọ náà tún figbe ta.

"Eligio," ni Sáílà wí, "ṣé o yẹ fáìlì yẹn wò kó o tó kì í bọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà?"

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń yẹ àfẹ́sọ́nà wò, Baba. Àwọn tó ṣe ojúlówó máa ń kọ àtẹ̀ka rẹ̀ síta, lẹ́tà àti nọ́ńbà gbọọrọ bí okùn ìdákọ̀ró. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan fáìlì náà báyìí, àtẹ̀ka rẹ̀ á yí padà. Mo fi ti fáìlì wé èyí tí wọ́n kọ. Wọ́n bára mu bí ojú ìbejì."

"Níbo lo ti rí èyí tí wọ́n kọ?"

"Lórí ìkànnì àwọn tó ṣe é gan-an."

Briseida yínmú. "Ìkànnì wo, ẹ̀gbọ́n? Látìgbà tí ìjì ti wó òpó nẹ́tíwọ̀kì, ta ló ti gbúròó ìkànnì níbí?"

"Mo gun igi àgbọn."

Ó ní àgbọn náà ga débi pé òun ń yẹrí fún òṣùpá. Ó pe Leónidas ọ̀rẹ́ rẹ̀, awakọ̀ ojú omi, kó wá jẹ́rìí. Leónidas ní òótọ́ ni, òun dúró nísàlẹ̀ igi náà. Kò tíì pa ẹnu dé tó tún fi ní lọ́jọ́ náà, òun wà ní Colón lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta fáìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja. Sáílà bi í bóyá ó pín ara rẹ̀ sí méjì ni. Leónidas wo Eligio. Eligio wo òrùlé.

"Sáílà, ẹ má bínú," ni Leónidas wí. " Inú fúláàṣì kan ni fáìlì wà. Inú fúláàṣì yẹn náà ni àtẹ̀ka wà. Ọkùnrin yẹn ló kọ méjèèjì. Ọkọ̀ mi ni mo fi gbé wọn wá."

Ìgbà yẹn ni Sáílà dìde jókòó. "Bí ọkọ̀ kan bá mú ìròyìn ikú wá sí erékùṣù yìí, ṣé a máa ń sunkún?"

Gbogbo ilé dáhùn pé ó di ìgbà tí ọkọ̀ kejì bá ti ibòmíì wá sọ bákan náà.

"Ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ìwọ Eligio bi olè bóyá olè ni, olè ní rárá, o sì mú un wọlé Briseida."

"Wọ́n ṣáà bára mu, Baba."

Ìyá arúgbó kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Irọ́ méjì á máa bára mu, ṣebí ìyá kan náà ló bí wọn."

Sáílà wá dájọ́. Ó ní kí Leónidas gbé kọ̀ǹpútà lọ bá olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n tú ní erékùṣù Ustupu, kó wá orin náà jáde. "Títí orin á fi padà, Eligio, ìwọ ni wàá máa mi ibùsùn ọmọ yìí, wàá máa mi ṣẹ́rẹ́, wàá máa kọrin. Láti òní, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́ àfi bí ẹlòmíì bá wọ ọkọ̀ míì wá sọ ọ́. Bó o bá ní ebi ń pa ọ́, a ó dúró de ọkọ̀ kejì."

Briseida na ọmọ sí i. Ọmọ wo ojú Eligio, ó ké igbe kan tó já àgbọn lulẹ̀ ní gbogbo erékùṣù tó yí wa ká. Eligio fẹsẹ̀ fẹ. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó rí ló bẹ́ sí, èyí tí Leónidas ò tíì dí ihò rẹ̀. Kò tíì jìnnà tó fi ń pariwo pé ọkọ̀ ń jò, òun ń rì.

Gbogbo wa jáde sétíkun. Omi ibẹ̀ ò ju orúnkún lọ. Ìyá arúgbó náà fìdí kalẹ̀ sórí iyanrìn.

"A ti gbọ́," ló wí. "A ń retí ọkọ̀ kejì."