Ọjọ́ Tí Mo Fún Táyé ní Wàrà Kẹ́hìndé

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí tí màá fi hu ewú: ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí, tí mo fọwọ́ ara mi fún ọmọ tó ti yó lóúnjẹ, tí mo sì ń bá èṣù wí lórí ọmọ tí ebi ń pa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò sí ọmọ tó ṣàìsàn nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kan ṣoṣo tó fara pa ni èmi, ìtìjú ló sì ṣe mí léṣe.

Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa wá sí Enugu, Idaw River Layout la sì ń gbé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àwa Yorùbá ti máa ń jọ́sìn nílùú yìí, èmi ni mò ń kó àwọn ọmọ-ọwọ́ jọ sí yàrá ẹ̀yìn nígbà ìwàásù, kí àwọn ìyá wọn lè gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní àlàáfíà. Nígbà tí mo gbọ́ pé yunifásítì kan ń wá obìnrin tí yóò ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú ọmọ-ọwọ́ inú ọgbà wọn, mo gbàdúrà, mo kọ̀wé, Ọlọ́run sì dá mi lóhùn. Inú mi dùn débi pé mo rán yunifọ́ọ̀mù funfun fúnra mi, ẹnikẹ́ni ò ní kí n rán an. Ọmọ mẹ́ta ni mo ti tọ́ nílé mi. Kí ló tún kù nípa ọmọ-ọwọ́ tí ẹnì kan fẹ́ kọ́ mi?

Ọ̀gá wa, Màdáàmù Ngozi, obìnrin pẹ̀lẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè, fún mi ní òfin mẹ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìkíní, bọ́ bàtà rẹ sẹ́nu ọ̀nà. Ìkejì, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ jẹ ohun tí ìyá rẹ̀ kò gbé wá. Ìkẹta, ohun tí kò bá yé ọ, bi mí. Mo pa méjì àkọ́kọ́ mọ́ bí òfin Mósè. Ẹ̀kẹta ni mo fojú kéré.

Àwọn ìbejì kan wà lọ́dọ̀ wa, obìnrin méjèèjì, ọmọ oṣù mẹ́rin. Ifeoma, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn, ni ìyá wọn. Chinemerem ni ọ̀kan ń jẹ́, Chinecherem ni èkejì. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kíákíá. Ahọ́n mi kọsẹ̀ lórí orúkọ yìí títí ó fi sú Ifeoma, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nígbàkigbà tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó tún so òwú pupa mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀kan fún mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹni òwú pupa ló kọ́kọ́ jáde."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tán! Ẹni tó kọ́kọ́ jáde, Táyé nìyẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e, Kẹ́hìndé nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì àti pijin ni èmi àti Ifeoma fi ń bára wa sọ̀rọ̀, àmọ́ Yorùbá ni mo fi ń rò ó. Ọmọ Yorùbá wo sì ni kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n? Òun ló rán Táyé ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé Ifeoma lè má mọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, Ifeoma sáré wọlé pẹ̀lú ọmọ kan lẹ́yìn, ọ̀kan láyà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ lábẹ́ apá. Ọjọ́ yẹn ló fẹ́ dúró níwájú àwọn olùdánwò láti ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí bí ọ̀gbàrá ṣe ń jẹ ilẹ̀ lágbègbè wa. Lọ́dún tó kọjá tó yẹ kó ṣe é, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, dókítà ní kò gbọdọ̀ dìde nítorí oyún ìbejì. Tí tọdún yìí bá tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọdún kan mìíràn nìyẹn, bàbá rẹ̀ sì ti sọ fún un pé òun ò ní lè rán an padà sílé ìwé mọ́.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ti mu ọyàn yó kí n tó kúrò nílé. Tí ẹ bá fún un sí i, yóò bì. Àbúrò ló ń sùn, kò tíì fẹnu kan nǹkan kan. Wàrà inú fíìdà kan ṣoṣo yìí ni mo rí fún jáde. Àbúrò ló ni ín o."

"Má fòyà," ni mo wí, bí ẹni tó ti ń bọ́ ìbejì láti ìgbà Nóà. "Lọ, Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ."

Ó gun òkè lọ. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń dán wọn wò wà lókè orí wa gan-an. Màdáàmù Ngozi náà bọ́ sínú kẹ̀kẹ́, ó ní òun ń sáré lọ ra ìlédìí ní ọjà Ogbete, òun ò ní pẹ́ dé. Ó ku èmi, ìbejì yìí àti ọmọ méjì mìíràn tí wọ́n ń sùn.

Mo gbé Táyé olówùú pupa lé itan, mo sì ti fíìdà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó wò mí bí ẹni tí ẹnu ń yà. Ó fi ahọ́n ti fíìdà jáde. Mo ní, "Mu ún, àbúrò dídùn." Ó tún tì í jáde. Mo kọ orin, mo fi ìka ta á létè, mo rọ̀ ọ́ títí tó fi mu gbogbo rẹ̀ tán, bóyá nítorí àánú mi. Mo ń yin ara mi nígbà tí ọmọ náà ṣe fìì, tó sì dá gbogbo rẹ̀ padà sórí yunifọ́ọ̀mù funfun tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n rán.

Mi ò tíì nù ún tán tí Kẹ́hìndé fi jí. Áà! Ọmọ yìí fi igbe ta. Mo gbé e, mo gbọ̀n ọ́n, mo yẹ ìdí rẹ̀ wò, ó gbẹ. Mo dà á dojú bolẹ̀ lórí apá mi pé bóyá afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Igbe náà ń le sí i. Ebi? Rárá o, ẹ̀gbọ́n ti yó láti ilé, ìyá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń fa kọ́là mi mu, ó ń fa ìka mi mu, ó tún fẹ́ fa etí mi. Ẹni tó lójú á ti rí i. Èmi rò pé ogun ẹ̀mí ni. Mo gbé ọwọ́ lé e níkùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá èṣù wí kíkan kíkan, débi pé àwọn ọmọ méjì tó ń sùn jí, àwọn náà sì gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ṣẹ èṣù lọ́jọ́ yẹn, nítorí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àṣé àdúrà mi náà wà lára ọ̀rọ̀ mìíràn.

Báyìí ni Màdáàmù Ngozi bá wa, pẹ̀lú àpò ìlédìí lórí. Ó wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ebi ń pa ọmọ yìí. Ṣé o ò tíì fún un ní wàrà rẹ̀ ni?"

"Mà, ẹ̀gbọ́n nìyí. Ó ti mu tiẹ̀ nílé. Àbúrò ni mo fún."

"Ẹ̀gbọ́n wo? Ẹni òwú pupa kọ́ ni ẹ̀gbọ́n ni?"

"Rárá, mà. Òun ló kọ́kọ́ jáde, nítorí náà òun ni àbúrò."

Màdáàmù Ngozi jókòó sórí àga kékeré tí àwọn ọmọdé ń lò, àpò ìlédìí ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Tún un sọ, kí n gbọ́."

Mo tún un sọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ ni ojú mi ń là. Wàrà ti wà lára aṣọ mi, kò sí òmíràn, òfin kejì kò sì jẹ́ ká fún ọmọ náà ní ohun tí ìyá rẹ̀ kò gbé wá. A pe fóònù Ifeoma, ó ti pa á. Màdáàmù Ngozi nawọ́ sí òkè ilé. "Gbé e lọ bá ìyá rẹ̀. Dúró sẹ́nu ọ̀nà ni o, má wọlé. Tó bá ti parí, kó jáde."

Mo pọn ọmọ náà, mo sì ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo gba orí àtẹ̀gùn lọ. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo rí i pé sílípáàsì mi wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ti ọ̀gá mi wà lẹ́sẹ̀ òsì. Ẹ wá wo iṣẹ́ ìyanu: bí ọmọ ṣe dé ẹ̀yìn mi tí mo sì ń rìn, ó dákẹ́. Mo fi ara ti ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ohùn Ifeoma nínú ilé, ó ń dáhùn ìbéèrè geere geere. Mo ní, "Olúwa, o ṣeun." Ọmọ náà gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Igbe tó ké, bí wọ́n bá ké e ní New Market, wọ́n á pa ṣọ́ọ̀bù dé. Mo ta gìrì, mo tẹ ilẹ̀kùn, àṣé kò tì. Èmi àti ọmọ bá ara wa láàárín gbọ̀ngàn.

Àwọn olùdánwò mẹ́ta yíjú sí mi. Ìdáyàjá ò jẹ́ kí n rántí Gẹ̀ẹ́sì kankan. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Bàbá arúgbó kan láàárín wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n pè wá láti ilẹ̀ Yorùbá, dáhùn kó tó mọ̀ pé òun dáhùn: "Ẹ kú àbọ̀ o."

Ifeoma dúró gbagidi pẹ̀lú ọ̀pá ìtọ́ka lọ́wọ́. Omijé ti dé ojú rẹ̀. "Àǹtí! Ṣé ẹ ò fún àbúrò lóúnjẹ ni?"

Obìnrin Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ alága wọn, ọmọ Igbo tó wọ awò ojú ńlá, fi báírò kan tábìlì. "Ta ni obìnrin yìí? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Gẹ̀ẹ́sì padà sí mi lẹ́nu. Mo ṣàlàyé lórí ìkúnlẹ̀: òwú pupa, Táyé, Kẹ́hìndé, títí dé wàrà orí aṣọ mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ọmọbìnrin náà níyà. Bàbá arúgbó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kò kúkú jẹ̀bi. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Èyí tó kọ́kọ́ jáde, ìránṣẹ́ ni."

"Ìránṣẹ́ bí i ti báwo?" Alága yọ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí ẹ bá rán mi pé kí n lọ wò ó bóyá bọ́ọ̀sì ti dé, tí mo débẹ̀ tí mo sì jókòó, ṣé ẹ máa wá lé mi kúrò lórí àga?"

"Mi ò ní lé yín. Àmọ́ ta ló rán ta níṣẹ́? Ṣé àbúrò ń rán ẹ̀gbọ́n níṣẹ́ nílé yín ni?"

"Ta ló gbọ́ nígbà tó ń rán an? Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?"

Olùdánwò kẹta ti fi ìwé bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Bí wọ́n ṣe ń ta á síra wọn, Ifeoma wò mí, mo wò ó. Mo tú ọmọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́, mo gbé e fún un lórí àga ìkẹyìn, mo sì fi ìró tí mo fi pọ̀n ọ́n bò wọ́n. Kò pẹ́ tí igbe fi dá, tí a sì ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń gbé e mì, gù, gù, gù.

Ìdákẹ́ náà ló pe àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n padà. Bàbá arúgbó wo iwájú, kò rí akẹ́kọ̀ọ́. Alága wo ẹ̀yìn, ó rí i. Ó rọra dá awò ojú rẹ̀ padà.

"Jẹ́ kó mu ún yó. A ṣì ní ìbéèrè méjì."

Ifeoma dìde nígbà tó tó àkókò, ọmọ wà léjìká rẹ̀, ó sì dáhùn ìkíní. Bàbá arúgbó bi í ní ìkejì: kí ló lè dá ọ̀gbàrá dúró kí ó tó gbé ilẹ̀ lọ? Kí Ifeoma tó lanu, ọmọ náà gùnfẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé àgbàlagbà á tọrọ gáfárà.

"Ṣé ìdáhùn nìyẹn?" ni bàbá bi í. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Ifeoma sọ ìdáhùn tirẹ̀, láìkọsẹ̀. Ó yege. Wọ́n ní kó tún àwọn nǹkan díẹ̀ ṣe nínú ìwé náà, kó sì gbé e padà wá. Ó di mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ fẹ́ẹ̀ pa mí lónìí." Mo ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Dárí jì mí." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, alága ti ní kí wọ́n gbé ìjókòó kan pẹ̀lú aṣọ ìkélé sí yàrá ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn náà, fún ìyá ọlọ́mọ tó bá ní ìdánwò.

Màdáàmù Ngozi ò lé mi. Bàtà rẹ̀ nìkan ló gbà. Ó ní kí n kọ orúkọ gbogbo ọmọ sára tépù, kí n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ wọn, kí n sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Chinemerem àti Chinecherem kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo fi í ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́sórí bí ẹsẹ Bíbélì, mo sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ju èyí lọ: ohun tí ẹnì kan mọ̀ dáadáa ló máa ń gbàgbé láti bèèrè. Mo ń bèèrè báyìí. Ó tún máa ń pẹ́ kí n tó bá èṣù wí; mo máa ń wo fíìdà ná.

Àwọn ìbejì náà ti ń sáré kiri báyìí. Nígbà tí ìyá wọn mú wọn wá kí mi láìpẹ́ yìí, bísíkíìtì kan péré ló kù lọ́wọ́ mi. Mo gbàgbé ara mi, mo ní, "Àgbà ni màá fún."

Àwọn méjèèjì na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo wo Ifeoma, Ifeoma wo òkè. Mo ṣẹ́ bísíkíìtì náà sí méjì ọgbọọgba, mo sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń dun mí níhà. Èmi kọ́ ni wọ́n tún máa gbé lọ síwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n.