Òfin Tuntun Nítorí Fátókun Tí Wọ́n Dá Dúró Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó dá òkèlè dúró! Kábíyèsí kí yín! Ìgbìmọ̀ ìlú ti fi òfin lélẹ̀ nítorí Fátókun! Fátókun wo? Fátókun tó tọ́jú ẹrù ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ fún ọdún mẹ́tàdínlógún! Ẹ wo akéde yìí dáadáa: ẹni tó ń kéde àti ẹni tí à ń kéde rẹ̀, ṣòkòtò kan náà ni wọ́n wọ̀.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n dá a dúró. Wọ́n fún un ní lẹ́tà kan àti páálí ọṣẹ kan. Ó gbé ọṣẹ délé. Kò gbé ọ̀rọ̀ délé. Fún ọjọ́ iṣẹ́ mọ́kànlá gbáko, ó ń lọ ẹ̀wù, ó ń so táì, ó ń dágbére fún ìyàwó rẹ̀, ó sì ń lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà:

Òfin kìíní! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so táì lọ sùn sábẹ́ igi mọ́! Mo ní ẹnikẹ́ni! Táì arúfin yóò di okùn ewúrẹ́ ààfin. Ewúrẹ́ kan ti wọ ti Fátókun báyìí, ó sì yẹ ẹ́ ju Fátókun lọ.

Aránṣọ ni Ìyá Mojí, ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ kejìlá, ó gbé yúnífọ́ọ̀mù lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń hanrun.

"Bàbá Mojí, ṣé ibí ni ilé-iṣẹ́ yín kó wá?"

Fátókun fò dìde. Ó ní ìpàdé ni àwọn ń ṣe. Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ẹyẹ ló rí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú. "Ó dùn mí pé ẹ̀yin nìkan lẹ dá ẹrù yìí rù. Ẹ dìde, ká lọ jẹun."

Òfin kejì! Ilé-iṣẹ́ tó bá ń wá ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, kí ọ̀gá ibẹ̀ mú ọmọ ọdún márùn-ún tó ń ṣiṣẹ́ wá sí ààfin, ká fojú rí i! Bí kò bá rí mú wá, yóò fọwọ́ kọ ogójì lẹ́tà ìwáṣẹ́, láìpa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́! Iye tí Fátókun kọ nìyẹn. Ẹnì kan ló dá a lóhùn: ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tó ń wá ọdẹ.

"Bàbá, bí olè bá wọlé, kí lẹ máa ṣe?"

Fátókun tún ara ṣe. "Màá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, sà. Màá kọ ohun tó gbé. Màá ní kó fọwọ́ sí i."

Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Òfin kẹta! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi ẹni tó ń wáṣẹ́ pé "Ibi iṣẹ́ ńkọ́?" Ẹni tó bá bèèrè yóò bá a wáṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, láìwọ bàtà!

Nígbà tó yá, akéde àtijọ́ fẹ̀yìn tì. Ìyá Mojí ló ti ọkọ rẹ̀ lọ sí ààfin pé kó lọ wá iṣẹ́ náà. "Ké ohun kan tó jẹ́ òótọ́," ni àwọn àgbà wí, "kí ará òdìkejì odò gbọ́." Òótọ́ kan ṣoṣo ló wà níkùn Fátókun.

"Wọ́n ti dá Fátókun dúró lẹ́nu iṣẹ́ o! Wọ́n ti dá a dúró o!"

Ojú tì í, ó fẹ́ sá. Ni ohùn kan bá ti òdìkejì odò dáhùn: "Wọ́n dá èmi náà dúró o!" Òmíràn ké lẹ́yìn ilé kàfíńtà: "Èmi náà o! Ó ti di oṣù mẹ́rin!" Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọkùnrin mẹ́fà àti obìnrin mẹ́ta ti dé iwájú ààfin, wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Òfin kẹrin! Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àwọn wọ̀nyí yóò máa pàdé ní àgbàlá ààfin, láti jọ wáṣẹ́. Ẹni tó bá fara pamọ́ sílé, akéde yóò wá ké orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà!

Ó parí o! Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó wà lóko! Akéde tuntun ló ké e. Ẹ yàgò fún un, ó ní ibi tó ń lọ láàárọ̀ ọ̀la!