Bí Tìmótì Ajímọ̀kọ́ Ṣe Di Ojú Gba Òkè-Ọ̀sán Là

Ẹ bá mi kí Tìmótì, ọmọ Ajímọ̀kọ́, onídùùrù ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Ọ̀sán, ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ bí àgbá omi, tí gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò! Ọmọ Ajímọ̀kọ́ tó fi ọwọ́ lásán lé àgbò jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde, nígbà tí àwọn bàbá ìjọ ti sá gun orí bẹ́ǹṣì. Ọmọ-ọmọ Ògúndìran tó bá àlùfáà òyìnbó ru àpótí ìwé orin gun òkè wa, tí kò sọ ọ́ kalẹ̀ àfi nígbà tó fẹ́ mu omi, àti nígbà tó fẹ́ jẹun, àti nígbà tó fẹ́ sùn díẹ̀. Akíkanjú ni wọ́n nílé wọn, àtọmọdé àtàgbà.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, àwa tá a jáde ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù Òkè-Ọ̀sán máa ń bá àwọn ará Ìdí-Àràbà gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ mẹ́ta. Tẹ́ẹ̀sì là ń pè é, torí a gbọ́ lórí rédíò pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ń pe tiwọn. Ajubọ́ọ̀lù á ju bọ́ọ̀lù pupa sí igi mẹ́ta tá a rì mọ́lẹ̀, onípátákó á sì fi pátákó rẹ̀ dáàbò bo àwọn igi náà. Bó bá gbá a jìnnà, á sáré dé ìkangun kejì, ìsáré kan nìyẹn. Bí igi bá wó lẹ́yìn gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kan kí ìsáré wọn tó bá ti ẹgbẹ́ kejì, wọ́n ti pàdánù. Ṣùgbọ́n bí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta bá bá wọn lórí ìdúró, kò sí ẹni tó borí.

Ẹgbẹ́ tó bá pàdánù ni yóò fọ ṣòkòtò funfun àwọn tó borí. Ẹni tí igi wó lẹ́yìn rẹ̀ gbẹ̀yìn ni yóò ru báàfù ṣòkòtò náà lórí, tí yóò gbé e kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì méjèèjì lọ sí odò, kí tẹrú-tọmọ lè rí i.

Lọ́jọ́ kẹta yìí, ìsáré àwọn ará Ìdí-Àràbà ti ga ju ohun tí apá wa lè ká lọ. Kí á ṣáà dúró ló kù. Àwọn ọkùnrin wa sì ń já bọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n, títí ó fi ku Tìmótì nìkan lábẹ́ igi kajú, níbi tó ti ń jẹ ẹ̀pà. Kò gba ìsáré kan ṣoṣo rí láyé rẹ̀. Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára, ó gbé pátákó, ó sì jáde lọ bí ẹni tó fẹ́ lọ gba ìlú.

Látúndé ló ń dúró dè é, ajubọ́ọ̀lù Ìdí-Àràbà tó ga bí òpó wáyà.

“Ẹ̀gbọ́n onídùùrù, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o! Ṣòkòtò tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀. Kí sítáàṣì pọ̀ níbẹ̀!”

“Àbúrò, ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ariwo ẹnu rẹ ò lè wó igi yìí.”

Ìyàwó Tìmótì jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń borí?”

“Kò tíì sí, Ìyá Ọmọ́tóyọ̀sí.”

“Láti ìjẹta?”

“Láti ìjẹta. Bí Ọlọ́run bá sì gbọ́ tiwa, kò ní sí.”

“Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Báàfù mi tuntun ni wọ́n mà fẹ́ gbé o.”

Ìyàwó mi tó ti sùn nínú Olúwa ló máa ń jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìbéèrè yẹn náà ló sì máa ń bi mí lọ́dọọdún. Inú mi dùn pé ẹnìkan tún bi mí.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ fò kọjá létí akọni wa bí agbọ́n. Òmíràn bà á níkùn, ó sì ké bí dùùrù tí ẹsẹ̀ ṣèèṣì tẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹsẹ̀. Odi ìlú wo ló tó ikùn yẹn? Oòrùn ti rọ̀ sẹ́yìn òrùlé nígbà tí Látúndé padà sẹ́yìn títí dé ìdí máńgòrò, tó sì sáré bọ̀ bí ẹ̀fúùfù tó fẹ́ ká páànù.

Bí agogo àdúrà ìrọ̀lẹ́ bá dún lọ́dọ̀ wa, níbi tí oníkálukú bá wà ni yóò ti ṣí fìlà, tí yóò tẹrí ba, eré sì parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó bá ti kúrò lọ́wọ́ kí agogo tó dún gbọ́dọ̀ délẹ̀. Bọ́ọ̀lù Látúndé kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Agogo dún.

Gbogbo pápá ló gbàgbé àdúrà, àfi Tìmótì. Ó fi ọwọ́ òsì ṣí fìlà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gún pátákó mọ́lẹ̀ níwájú igi mẹ́ta bí ọ̀pá bíṣọ́ọ̀bù, ó tẹrí ba, ó sì di ojú pinpin.

“Bàbá Ọmọ́tóyọ̀sí, ẹ lajú o!” ni ìyàwó rẹ̀ kígbe.

Ó ti dé inú àdúrà, kò gbọ́. Bọ́ọ̀lù náà já bí àrá, ó ba pátákó, pó!, ó sì rọra dùbúlẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ajá tó mọ olówó rẹ̀.

“Àmín,” ni Tìmótì wí. Ó lajú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ṣé ó ti jù ú ni?”

Látúndé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí!”

Àwọn ológun àtijọ́ la ojú wọn kedere kí wọ́n tó ṣẹ́gun. Ta ló tíì di ojú ṣe é? Àwọn kan á ní eré ọjọ́ mẹ́ta tí kò ní olùborí, asán ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé kí èèyàn ṣì wà lórí ìdúró nígbà tí agogo bá dún, ó ti tó.

Nítorí náà, kí ó di mímọ̀ fún Òkè-Ọ̀sán, fún Ìdí-Àràbà, àti fún gbogbo ìletò tó wà láàárín wọn, pé òdo ni iye ìsáré tí Tìmótì Ajímọ̀kọ́ gbà lọ́jọ́ náà, òdo tó rí róbótó bí adé ọba. Pé kò sí ẹni tó borí. Pé ṣòkòtò Látúndé dọ̀tí gidigidi. Àti pé Látúndé fúnra rẹ̀ ni yóò fọ̀ ọ́.